Egbò Láṣebìkan àti Ewé Imí-Eṣú

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí yìí, ẹnu yín kì í sinmi òwe. Bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ díẹ̀ báyìí, ẹ ó ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ó dáa. Ta ló kọ́kọ́ dákẹ́? Ta ni tara ẹ̀ kọ́kọ́ bá dákẹ́? Ẹ ò mọ̀. Òwe tí ẹ kò mọ ìdí ẹ̀ lẹ ń pa kiri. Ẹ fetí sílẹ̀ kí n sọ ọ́ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì sọ ọ́ rí kí inú mi dùn. Ẹ̀yin lẹ máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín yín, mo ti mọ̀ yín.

Adẹ́mu kan wà ní abúlé Ìdó-Ọ̀pẹ láyé àtijọ́, Láṣebìkan lorúkọ rẹ̀. Apá Oǹdó ni wọ́n ti bí i. Iṣẹ́ ẹmu ló gbé e dé Ìdó-Ọ̀pẹ, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́yàwó. Ọkùnrin náà kì í retí ohun rere. Bí oòrùn bá ràn, á ní ó máa jó iṣu. Bí òjò bá ṣú, á ní ó máa wó ilé. Bí ọmọdé bá ń rẹ́rìn-ín níwájú ẹ̀, á mi orí, á ní ẹkún ló ń bọ̀ yẹn. Àmọ́ bó bá ti so igbà mọ́ ìdí, tó gun ọ̀pẹ dókè, tó fẹ̀yìn ti igbà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè bi í ní ìbéèrè, àwọn obìnrin tó ń lọ odò máa ń gbọ́ tó ń súfèé. Òkè ọ̀pẹ nìkan ni inú rẹ̀ ti ń dùn láyé.

Òkè ọ̀pẹ náà ni ayé wá gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àdá yọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì ṣá a lójúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó bu eérú sí i, ó ní yóò san. Kò san. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, kò gbẹ. Òjò dé, ó tún fẹ̀ sí i. Egbò ń ṣomi, egbò ń rùn, eṣinṣin ń ná ọjà lórí ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Igbà ń bẹ lára ògiri, aláǹtakùn ti ta òwú bò ó. Àwẹ̀ró, ìyàwó ẹ̀, kò kọ̀ ọ́ o. Ó kàn ń sùn nílé ìyá ẹ̀ ni, nítorí òórùn. Láṣebìkan á wá dá jókòó, á máa wo ẹsẹ̀ náà, á ní, "Ìwọ lo máa kú, èmi ni wọ́n máa sin."

Ní ti àwọn ará abúlé, wọ́n ti kí i kú ìrora títí ó fi sú wọn. Wọ́n ti rí egbò náà títí, wọn kò rí i mọ́. Bí Láṣebìkan bá ń tiro kọjá, lójú tiwọn, bó ṣe ń rìn nìyẹn.

Ohun tó wá ń pa á lẹ́kún ni pé Baálẹ̀ Ajíbógun, tó ni àwọn ọ̀pẹ tó ti ń dá ẹmu, ti ránṣẹ́ pè é. Baálẹ̀ ní òun kò bínú, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kì í dúró de ẹsẹ̀. Bí ọdún ìjẹṣu bá bá Láṣebìkan nílẹ̀, òun á fa àwọn ọ̀pẹ náà lé Kọ́lájọ, ọ̀dọ́ adẹ́mu kan ládùúgbò, lọ́wọ́. Láṣebìkan dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Kí ni ì bá sọ? Ọdún ìjẹṣu ti ń kanlẹ̀kùn, ẹsẹ̀ sì rèé.

Ló bá forí lé ọ̀dọ̀ Ẹfúntádé. Arúgbó obìnrin ni, kò ní eyín kan mọ́ lẹ́nu, áàṣáà ló fi dí ibi tí eyín wà. Kò sí ewé tí kò mọ̀ ní gbogbo igbó yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu ẹ̀. Ó wo egbò, ó tutọ́, ó ní, "Imí-eṣú."

Ó dun Láṣebìkan. Ẹni tó ti ń jẹ̀yà bó ṣe jẹ ẹ́ yìí, ó yẹ kí oògùn ẹ̀ ní ọlá díẹ̀. "Ìyá, imí-eṣú tó wà lẹ́yìn ilé mi? Èyí tí ewúrẹ́ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀? Tó ń rùn bí òbúkọ?"

"Òun náà ni. Wọ́n ń kán an sójú, wọ́n ń mu ún fún inú rírun, wọ́n ń fi pa orí tó bá ń fọ́ni, ó sì ń jiná egbò. Orí oògùn lo dúró sí tí o ti ń sunkún." Ó tún tutọ́. "Jáde ní kùtùkùtù. Já a kún apá. Gún un, fi bo ojú egbò, dì í. Àmọ́ bó o bá ti já a tán, má fọ̀ o. Bó o bá fọ̀ pẹ́nrẹ́n, agbára ẹ̀ ti lọ nìyẹn."

Láṣebìkan ronú sí ọ̀rọ̀ náà. "Bí mo bá wá pàdé Baálẹ̀ lọ́nà ńkọ́?"

Ẹfúntádé wò ó bí ẹni pé egbò ti ràn dé orí. "Kí ló kan Baálẹ̀ níbẹ̀? Mo ní má fọ̀!"

Láṣebìkan dúpẹ́, ó lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lójú tiẹ̀, ohun rere tí wọ́n bá sọ síta kì í dé ilé.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, ó tiro lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà odò, níbi tí ewúrẹ́ kò tíì dé. Imí-eṣú kún ibẹ̀ bámúbámú, ó yọ òdòdó funfun ṣìnkìn. Ó já a títí ó fi kún apá ẹ̀ méjèèjì. Òórùn òbúkọ bò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí àdá ti ṣá a, ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ó lè jẹ́ pé yóò san. Ìyẹn ló yẹ kó fi mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀. Ó pa ẹnu dé, ó kọrí sílé.

Kọ́lájọ ló kọ́kọ́ pàdé. Kọ́lájọ kì í ṣe èèyàn burúkú o. Aláàánú ni, ohun tó burú nínú ẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ṣé dáadáa la jí?"

Láṣebìkan mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní ẹ kú àárọ̀!"

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Nínú abúlé wa níbí, ta ní ń jí tí wọ́n á kí i tí kò ní í dáhùn? Olè kì í dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Láṣebìkan kò lè gbọ́wọ́, nítorí ewé kún un. Ó wá fi àgbọ̀n júwe ẹsẹ̀ ẹ̀. Kọ́lájọ wo ilẹ̀, kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju eèrà lọ. Ó tún gbójú sókè, ó rí i pé ojú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pọ́n kankan, nítorí ìrora kì í jẹ́ kí ọkùnrin náà sùn.

"Háà! Ojú ni! Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò ríran ni ẹ fi ń fi àgbọ̀n wá ọ̀nà! Ẹ sì já imí-eṣú fún un. Ẹ ṣeun tí ẹ já a. Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ dá a kán sójú fúnra yín ni? Kí ni mo wà níbí fún?"

Kí Láṣebìkan tó mira, Kọ́lájọ ti fà lára ewé, ó ti fọwọ́ ra á, ó ti fún omi ẹ̀ sí i lójú ọ̀tún, ó sì ti fún un sí tòsì. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ bí imí-eṣú ṣe ń ta lójú, ẹ má ṣe dán an wò. Láṣebìkan fò sókè, ó fi ẹsẹ̀ tó ní egbò balẹ̀, ó tún fò sókè. Kò sọ̀rọ̀. Ó ka eyín pọ̀, omijé ń dà, ó ń táràrà lọ.

Ohùn tó tún gbọ́ ni ti ìyá ìyàwó ẹ̀. "Ọkọ Àwẹ̀ró, ṣé ìwọ nìyẹn?"

Àna ni, ẹ jọ̀ọ́. Àwẹ̀ró ìbá wà nílé, ìbá sọ̀rọ̀ gbà á sílẹ̀, àmọ́ ó ti jí lọ ọjà. Bí Láṣebìkan kò bá lè fẹnu kí àna ẹ̀, kó fi ara kí i. Ó gbé ewé sílẹ̀, ó dojú kọ ibi tí ohùn ti wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ibi tí ohùn ti wá yìí, ewúrẹ́ ni ìyá náà so mọ́ ibẹ̀.

"Ewúrẹ́ mi lò ń dọ̀bálẹ̀ fún?" ìyá náà béèrè. "Ṣé nítorí pé ọmọ mi ń sùn lọ́dọ̀ mi lo fi ń fi mí ṣẹlẹ́yà?"

Láṣebìkan yí ojú sí apá ibòmíràn, ó tún dọ̀bálẹ̀. Odó ló wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ta á, kò lè dìde mọ́, ó ká kò sórí ikùn ẹ̀. Ìbínú ìyá náà di àánú lójú ẹsẹ̀. Ó sáré sún mọ́ ọn.

"Yéè, inú ló ń run ún! Ẹni tí inú bá ń run tó báyìí, ibo ni yóò ti rí ẹnu sọ̀rọ̀? Ó tilẹ̀ ti já ewé ẹ̀ wá, ó fẹ́ kí n bá òun gún un. Ọmọ dáadáa!"

Ó gún imí-eṣú sínú odó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, ó fi iyọ̀ àti kán-ún sí i, ó pò ó kún igbá. Wọn kì í kọ igbá àna. Láṣebìkan mu ún. Ó korò dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, kò sì kan egbò. Bó ṣe mu ún tán ni ìyá náà tún bu òmíràn, nítorí ó rí i tí omijé ń dà lójú ẹ̀, ó rò pé ìmoore ni.

Ìgbà tí wọ́n fi ṣe èyí tán, àwọn tó ń lọ oko ti dúró, àwọn tó ń bọ̀ láti odò ti sọ omi kalẹ̀. Kọ́lájọ ti ròyìn pé ẹ̀gbọ́n kò dáhùn. Ìyá náà ní kò dá òun lóhùn náà. Ẹnìkan ní, "Láṣebìkan ti yadi." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ara wọn, wọ́n gbé e, òun àti ewé tó kù, ó di ọ̀dọ̀ Baálẹ̀.

Baálẹ̀ Ajíbógun jókòó sábẹ́ igi odán. "Láṣebìkan, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ?"

Láṣebìkan dọ̀bálẹ̀, ó dákẹ́. Wọ́n ké háà. Kí Baálẹ̀ bi èèyàn ní nǹkan kó sì dákẹ́! Inú Láṣebìkan bàjẹ́, ìtìjú mú un, ṣùgbọ́n ó rántí pé Ẹfúntádé ní kí ló kan Baálẹ̀ níbẹ̀. Ó wo ewé tó kù. Ó ṣì tó bo ojú egbò. Ọgbọ́n kan wá sọ sí i lọ́kàn. Ó mú igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹsẹ̀ sórí ilẹ̀. Omijé ni kò jẹ́ kó ya á dáadáa: ojúgun gùn gbọọrọ, ọmọ ìka sì fẹ̀ kálẹ̀ lórí ẹ̀. Ó wá tẹ àmì kan sí àárín ojúgun, ibi tí egbò wà, ó ń fi igi gún ibẹ̀, ó ń gún ibẹ̀.

Baálẹ̀ rọra tẹ̀ síwájú, ó wò ó. "Ọ̀pẹ ni," ó ní. "Ẹ wo imọ̀ ẹ̀ lókè."

"Ọ̀pẹ ni lóòótọ́! Èyí tó wà láàárín yẹn ńkọ́, Baálẹ̀?"

"Òun fúnra ẹ̀ ni. Ó ń jábọ́ bọ̀."

Wọ́n kígbe. Láṣebìkan jábọ́ lórí ọ̀pẹ! Ó fi orí gúnlẹ̀, ni ohùn ẹ̀ bá bọ́! Bàbá kan tí orí ẹ̀ pé díẹ̀ ní, "Ṣé ó ti gun ọ̀pẹ lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni?" Baálẹ̀ dá a lóhùn pé àwọn tí kò gùn ún mọ́ gan-an ló ń jábọ́, nítorí wọ́n ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Láṣebìkan bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí kíkankíkan pé rárá o, rárá.

"Ẹ ò rí i?" ni Baálẹ̀ wí. "Orí ló ń dùn ún."

Wọ́n fá orí náà kodoro. Wọ́n fi imí-eṣú pa á títí orí fi di tútù bí ewé. Wọ́n ní bí ohùn bá bọ́, etí ló máa ń gbà jáde, wọ́n wá fi ewé dí ihò etí ẹ̀ méjèèjì, kí ìwọ̀nba ohùn tó kù nínú ẹ̀ má baà tún sá lọ. Ọkùnrin náà ń jà. Bó ṣe ń jà ni wọ́n ń di ọwọ́ mú. Kọ́lájọ aláàánú wá ní òun á bá wọn di ẹsẹ̀ mú. Ó fi orúnkún lé ojúgun ọ̀tún, ó sì fi gbogbo ara jókòó lé e.

"Yéèèèèè!"

Àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí odán. Lójú ẹsẹ̀ ni ariwo ayọ̀ sọ. Ó ti fọhùn! Imí-eṣú jẹ́! Kọ́lájọ ń fò, ìyá àna ń sunkún ayọ̀, ó ní omi igbá òun ló kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà.

Nínú gbogbo ariwo yìí, Láṣebìkan ń rò ó nínú ara ẹ̀. Ó ní igbe kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹni tó ké yéè kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ̀ka imí-eṣú bíi mélòó kan ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, kò tó nǹkan, àmọ́ ó lè jẹ́ pé agbára wọn kò tíì lọ. Ló bá tún pa ẹnu dé, ó ní òun kò ní í ba ìyókù jẹ́.

Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. "A dúpẹ́. Láṣebìkan, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jábọ́ lórí ọ̀pẹ, kò tọ́ kó tún gùn ún. Àánú rẹ ṣe mí. Láti òní lọ, kí Kọ́lájọ máa dá ẹmu lórí àwọn ọ̀pẹ náà, kí ìwọ máa sinmi. Bí o bá ní ohun tí o fẹ́ sọ sí i, sọ ọ́ báyìí."

Ọkàn Láṣebìkan já. Ó wo Baálẹ̀, ó wo ewé tó wà nílẹ̀, ó tún wo Baálẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ lọ. Bó bá dákẹ́, ọ̀pẹ lọ. Ó ní bí ẹsẹ̀ bá san, ọ̀pẹ á tún padà wá. Ó dákẹ́.

"Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn," ni Baálẹ̀ wí, wọ́n sì túká. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni wọ́n ń ṣa àwọn ẹ̀ka tó wà nílẹ̀, olúkúlùkù mú tiẹ̀, oògùn ayadi, ta ló mọ ọjọ́ tí yóò wúlò? Àwọn tí kò rí mú sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà odò àti ẹ̀yìn ilé Láṣebìkan, wọ́n hú gbogbo ibẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, kò sí imí-eṣú kan ṣoṣo mọ́ ní Ìdó-Ọ̀pẹ. Òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Abẹ́ odán náà ni Ẹfúntádé ti bá a, tó jókòó nínú òjò, orí ń dán, ojú wú, ẹsẹ̀ ń rùn.

"Ewé dà?"

Láṣebìkan fọwọ́ tọ́ka ojú, ó tọ́ka ikùn, ó tọ́ka orí.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ni?"

Ó wò ó. Kò sí ewé kankan mọ́ tí ọ̀rọ̀ lè bà jẹ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ohun tó ti dì mọ́ ọn nínú láti àárọ̀ tú jáde: "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní kí n má fọ̀?"

"Mo ní kí o má fọ̀!" ni arúgbó náà figbe ta, áàṣáà ń fò lẹ́nu ẹ̀. "Ewé! Kí o má fi omi kàn án! Bí wọ́n bá fọ ewé kí wọ́n tó gún un, oje wo ló kù? Ta ló bá ọ sọ ti ẹnu?"

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Níbi tí wọ́n ti bí Láṣebìkan, ẹni tó bá fọ̀, ọ̀rọ̀ ló sọ. Ní Ìdó-Ọ̀pẹ, ẹni tó bá fọ̀, aṣọ ló fọ̀ tàbí àwo. Láṣebìkan mọ̀. Ó ti gbé ibẹ̀ pẹ́, èdè wọn ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìrora máa ń lé èèyàn padà sí èdè ìyá ẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó fi orí fífá náà lé orúnkún, ó sunkún bí ọmọdé. Mo ti sọ fún yín pé ìtàn yìí kò dùn.

Àánú ṣe Ẹfúntádé. Ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ibí, ó wo ọ̀hún, ó rí i pé ewéko kan yọrí ní ihò etí ọ̀tún ọkùnrin náà. Ó fà á. Ẹ̀ka imí-eṣú ni, ó gùn díẹ̀. Ó fa ti òsì náà yọ. Inú Láṣebìkan dùn, ó nawọ́. "Ìyá, ẹ bá mi gún un bẹ́ẹ̀. A kì í fọ̀ ọ́."

Ẹfúntádé gbé ewé náà súnmọ́ ojú, ó wo ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn lára láti inú etí.

"Eléyìí," ó ní, "a máa fọ̀ ọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Láṣebìkan ti di ẹsẹ̀, ó sì tiro lọ bá Baálẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó sọ̀rọ̀. Ó sọ ti egbò, ó sọ ti ewé, ó sọ ti fọ̀ àti fọ̀, ó ní ẹsẹ̀ lòun yà, òun kò ya ọ̀pẹ. Ó bẹ Baálẹ̀ pé kó dá ọ̀pẹ òun padà. Baálẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, nígbà tó sì nu ojú tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Láṣebìkan, mo pe gbogbo abúlé jọ, mo bi ọ́ lójú wọn pé bí o bá ní ọ̀rọ̀, sọ ọ́. O dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi, mi ò lè gbé e mì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Láti òkè ọ̀pẹ, wọ́n ń gbọ́ Kọ́lájọ tó ń súfèé.

Egbò náà gbẹ nígbẹ̀yìn, nígbà tí imí-eṣú tún hù. Àwẹ̀ró padà sílé. Ọ̀pẹ kò padà. Ẹmu tí Kọ́lájọ bá dá ni Láṣebìkan ń rà mu, Kọ́lájọ sì máa ń bu èènì sí i, nítorí aláàánú ni. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, bí o bá kí Láṣebìkan pé ẹ kú àárọ̀, kò ní í jẹ́ kó o kí i tán tí yóò fi ní, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni o, ojúgun ni, àdá ló ṣá a. Ojú kò dùn mí, inú kò run mí, mi ò sì jábọ́." Bó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn títí ó fi darúgbó. Wọ́n ní ọjọ́ tó fẹ́ kú pàápàá, ikọ́ ló ń ṣe é, ó na ìka sí àyà ẹ̀, ó ní kí gbogbo wọn wo ibi tí òun na ìka sí dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má lọ fá orí òun.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá rí yín lọ́la tó béèrè pé kí ló ń ṣe yín, ẹ yáa sọ ọ́. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ẹ lọ wẹ orí yín sílẹ̀ de abẹ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.